Ta Ló Yan Ẹni Tí Wọ́n Fà Kalẹ̀?

Ìyá ọmọ kan kọ̀wé sí mi láti Kétu, lórílẹ̀-èdè Benin tiwa níbí. Mo gé e kúrú díẹ̀:

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Lọ́dún 2024, èmi àti ọkọ mi wo ètò ìdìbò àwọn ará Amẹ́ríkà lórí tẹlifíṣọ̀n títí oorun fi gbé wa lọ. Ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n, síbẹ̀ wọ́n á bú ara wọn fún oṣù mélòó kan. Tó bá yá, wọ́n á pàdé nínú gbọ̀ngàn ńlá, bàlúùnù á máa já bọ́ látòkè, gbogbo wọn á máa dì mọ́ra. Ṣé eré ni wọ́n ń ṣe fún wa ni? Ta ló tiẹ̀ yan ẹni tí wọ́n fà kalẹ̀ gan-an? Ọkọ mi ní ká mú irú ẹ̀ wá sílé níbí, pé ó sàn ju ká ṣàdédé gbọ́ orúkọ olùdíje lórí rédíò lọ. Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Ẹ bá wa dá a.”

Àbúrò mi, ìwọ àti ọkọ rẹ lẹ jọ jàre, àmọ́ kì í ṣe lórí ohun kan náà. Jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà yín níbẹ̀.

Ìdílé ọba márùn-ún ló ń jẹ Alákétu ní àjẹyípo. Bí ọba bá wàjà, gbogbo Kétu kọ́ ló ń dìde du oyè. Ìdílé tó kàn ni. Àwọn ọmọ oyè inú ìdílé yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn ní ìwòkuwò, ọmọ bàbá kan náà ò ní fẹ́ mu omi nílé ara wọn mọ́, títí àwọn afọbajẹ á fi mú ẹnì kan. Ìdílé mẹ́rin tó kù á jókòó máa wòran. Ìjà ńlá ni, àmọ́ inú ilé kan ló wà. Ìdìbò abẹ́lé tí ẹ wò lórí tẹlifíṣọ̀n ò ju bẹ́ẹ̀ lọ: ẹ jà á nínú ilé kí ẹ tó jáde síta. Ohun tí wọ́n fi yàtọ̀ sí Kétu ni pé wọ́n ṣí fèrèsé sílẹ̀, gbogbo àdúgbò ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ síra wọn, wọ́n sì ń ka èèyàn tó wà lẹ́yìn kálukú lójú gbogbo ayé.

Wọn ò bá a bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ o. Nígbà àtijọ́, àwọn àgbà ẹgbẹ́ ló ń ti ilẹ̀kùn mọ́rí yan ẹni tó wù wọ́n, àpéjọ gbogboogbò sì ni ibi tí wọ́n ti ń ná an bí ọjà. Lọ́dún 1924, àwọn Democrat, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ ńlá méjì tó wà níbẹ̀, pé jọ ní New York, wọ́n dìbò nígbà 103 kí ẹnu wọn tó kò. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi wà níbẹ̀. John W. Davis tí wọ́n yàn nígbẹ̀yìn, Coolidge, ààrẹ ìgbà yẹn tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ kejì, Republican, fẹ̀yìn rẹ̀ gbálẹ̀. Àmọ́ ọdún 1968 ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà. Hubert Humphrey ò du ìdìbò abẹ́lé kankan, kò bá ẹnikẹ́ni fà á ní ìpínlẹ̀ kankan, síbẹ̀ òun ni àwọn àgbà ẹgbẹ́ gbé e fún ní Chicago. Bí wọ́n ṣe ń ka ìbò nínú gbọ̀ngàn ni ọlọ́pàá ń fi kóńdó lu àwọn ọ̀dọ́ níta, tẹlifíṣọ̀n sì ń gbé méjèèjì jáde lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Humphrey fìdí rẹmi lọ́wọ́ Nixon. Ìtìjú yẹn ni wọ́n fi gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀, tí òfin fi yí padà, tó fi jẹ́ pé láti 1972 ni ìbò ará ìlú ti ń so ọwọ́ àwọn aṣojú tó ń lọ sí àpéjọ. Mo fi èyí sọ́kàn rẹ torí ọkọ rẹ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé wọ́n bí wọn mọ́ ọn ni.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé ní ṣókí. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní iye aṣojú tirẹ̀. Ará ìlú dìbò, wọ́n á sì fi ìbò yẹn pín àwọn aṣojú. Àwọn Democrat máa ń pín in bí ìbò bá ṣe rí, àmọ́ ẹni tí kò bá ní tó ìdá 15 nínú 100 ò ní rí nǹkan kan mú. Àwọn Republican ní àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹni tó bá ṣáájú ti ń kó gbogbo rẹ̀ lọ. Lọ́dún 2016, ìbò Trump ní Florida ò tó ìdajì, síbẹ̀ aṣojú 99 tó wà níbẹ̀, òun nìkan ló kó wọn. Nígbà tí àwọn alátakò rẹ̀ ṣì ń pín ìbò tó kù mọ́ra wọn lọ́wọ́, ó ti lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ fún ọ pé ìdìbò abẹ́lé máa ń jẹ́ ká mọ ẹni tí gbogbo ẹgbẹ́ fẹ́, bi í bóyá ó mọ ìṣirò Florida.

Ibì kan wà nínú ètò wọn tí mo fẹ́ràn débi pé mo máa ń fi kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì nígbà tí mo ṣì ń ṣiṣẹ́ olùkọ́. Iowa ni. Títí di 2020, bí àwọn Democrat ṣe ń ṣe é níbẹ̀ nìyí. Ìgbà òtútù ni, yìnyín wà nílẹ̀ níta. Àwọn ará àdúgbò á kóra jọ lálẹ́ sí gbọ̀ngàn eré ìdárayá ilé-ìwé. Kò sí àpótí ìbò. Igun yìí ti lágbájá, igun ọ̀hún ti tẹ̀mẹ̀dù. Ibi tí o bá dúró sí ni ìbò rẹ. Wọ́n á ka orí. Igun tí èèyàn rẹ̀ ò bá pé ìdá 15 náà, wọ́n á ní kí wọ́n tú ká. Ìgbà yẹn ni ọjà ń gbóná: àwọn igun tó kù á máa pè wọ́n, “Màmá, ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa, ọ̀rọ̀ tiwa àti tiyín ò jìnnà síra.” Bí o bá ti sọ̀ kalẹ̀ ní Ouando rí, níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), tí àwọn onítakisí ń já báàgì gbà mọ́ ọ lọ́wọ́, kóo mọ̀ pé o ti dé Iowa.

Mo fẹ́ràn rẹ̀ torí kò sí ibi tí èèyàn fẹ́ sá pamọ́ sí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ńkọ́? Abiyamọ tí kò rẹ́ni gbé ọmọ fún ńkọ́? Ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ dúró sí igun kejì ńkọ́, tó sì ń wò ó? Lọ́dún 2020, ẹ̀rọ orí fóònù tí wọ́n fẹ́ fi kó èsì jọ dákú mọ́ wọn lọ́wọ́, ọjọ́ bíi mélòó kan kọjá kí ẹnikẹ́ni tó mọ ẹni tó ṣáájú. Amẹ́ríkà o, tí wọ́n fi èèyàn sí orí òṣùpá! Nígbà tó fi máa di 2024, wọ́n ti gba ipò àkọ́kọ́ kúrò lọ́wọ́ Iowa, wọ́n gbé e fún South Carolina.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, torí ipò tí ìpínlẹ̀ wà lórí ìlà fúnra rẹ̀ ń fi ọba jẹ. Lọ́dún 2020 yẹn, Biden ṣe ẹ̀kẹrin ní Iowa, ó ṣe ẹ̀karùn-ún ní New Hampshire. Àwọn oníròyìn ti ń sin ín. Ó wá kan South Carolina ní ọjọ́ 29 oṣù kejì, níbi tí àwọn aláwọ̀ dúdú ti pọ̀ nínú ẹgbẹ́, wọ́n gbé e dìde. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ni ìpínlẹ̀ 14 dìbò lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó sì kó èyí tó pọ̀ jù. Ká ní New Hampshire méjì ló tẹ̀ lé ara wọn ni, ẹlòmíì là bá pè ní ààrẹ nígbà yẹn. Olùdíje kan náà, àwọn olùdìbò kan náà. Kàlẹ́ńdà ló yàtọ̀. Ti iye àwọn tó ń jáde náà tún wà níbẹ̀: lọ́dún 2016 tí ariwo gba gbogbo ayé yẹn, àwọn tó dìbò abẹ́lé ò tó ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ sí i.

Kí ló wá dára nínú rẹ̀? Ohun kan ṣoṣo, lójú tèmi: ẹni tó bá fìdí rẹmi mọ iye tí wọ́n fi ju òun lọ, àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà sì mọ̀. Kò lè sọ pé wọ́n jí oyè òun gbé nínú yàrá. Ó lè máa bínú, àmọ́ ó ní nọ́ńbà tó máa bá bínú.

Ibẹ̀ ni àpéjọ ti wọlé, èyí tí o ní ó dà bí eré. Eré ni, mi ò ní purọ́ fún ọ. Àpéjọ tí ẹ̀rù ti bani kẹ́yìn nípa ta ló máa gbé e ni ti àwọn Republican ní Kansas City lọ́dún 1976, tí Ford fi ní 1,187, tí Reagan ní 1,070. Látìgbà yẹn, wọ́n ti mọ ẹni tó gbé e kí wọ́n tó fẹ́ bàlúùnù. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìgbéyàwó kọ́ ni wọ́n ń wá ìyàwó. Gbogbo wa la mọ̀ pé wọ́n ti parí ọ̀rọ̀ lọ́jọ́ ìdána, síbẹ̀ a ń lọ, ẹni tó bá sì gbọ́n kì í wo ìyàwó níbẹ̀. Ó ń wo ẹni tó wọ aṣọ ẹbí, ẹni tó wá tí kò wọ̀ ọ́, ẹni tí wọ́n fi sí ìdí tábìlì iwájú, àti àbúrò bàbá tó ránṣẹ́ pé ara òun ò yá.

Bí o bá fi ojú yẹn wò ó, wàá rí ohun púpọ̀. Ní Denver lọ́dún 2008, Hillary Clinton tí Obama ṣẹ̀ṣẹ̀ borí ló dìde láàárín àwọn ará New York, tó ní kí wọ́n dá kíkà ìbò dúró, kí gbogbo ilé fi ohùn kan mú Obama. Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn rẹ̀ ní Philadelphia, Sanders tí Clinton borí ṣe bẹ́ẹ̀ fún òun náà, bẹ́ẹ̀ omijé wà lójú àwọn ọmọlẹ́yìn Sanders, àwọn kan tiẹ̀ rìn jáde. Lóṣù kan náà ní Cleveland, níbi àpéjọ àwọn Republican, wọ́n fún Ted Cruz tí Trump borí ní gbohùngbohùn. Ó sọ̀rọ̀ dáadáa, ó kí Trump kú oríire, àmọ́ kò sọ pé kí wọ́n dìbò fún un. Ó ní kí kálukú ṣe ohun tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ bá sọ. Ariwo “hòóò” ni wọ́n fi lé e kúrò lórí pèpéle. Ó wá síbi ìyàwó, ó jẹun, kò wọ aṣọ ẹbí. Ní Chicago lọ́dún 2024, èyí tí ẹ wò, àwọn aṣojú kan wà tí ìbò àwọn tí kò fara mọ́ ọwọ́ tí Biden fi mú ọ̀rọ̀ Gásà gbé dé ibẹ̀. Ní Michigan nìkan, àwọn tó dì í lé ní 100,000. Wọ́n bẹ̀bẹ̀ pé kí ọmọ Palẹstínì kan ṣáà sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Wọn ò gbà. Ìta gbọ̀ngàn ni wọ́n jókòó sí mọ́jú. Nínú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́rin yẹn, ibẹ̀ ni mo wò jù.

O tún bi mí pé ta ló yàn án. Ní ti 2024, ẹnu mi ò ya láti dáhùn. Àwọn tó lé ní mílíọ̀nù 14 dìbò abẹ́lé fún Biden. Ní ọjọ́ 21 oṣù keje ó kọ̀wé pé òun ò ṣe mọ́, ó sì na ọwọ́ sí Kamala Harris. Àwọn aṣojú Biden dìbò fún un lórí íntánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ, ó ti di olùdíje kí wọ́n tó pàdé ní Chicago rárá. Wọn ò rú òfin kankan. Igbákejì ni, ìbò tí wọ́n dì fún ọ̀gá rẹ̀ kan òun náà dé ìwọ̀n àyè kan. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó bá a jà nínú ilé, ìta ló ti kọ́kọ́ pàdé ẹ̀ṣẹ́. Mi ò sọ pé òun ló jẹ́ kó fìdí rẹmi, torí owó oúnjẹ tó gbówó lórí náà ní tirẹ̀ láti sọ. Mo kàn ń sọ pé nọ́ńbà tí mo ní ó dára yẹn, òun ò ní in lọ́wọ́.

Kí ọkọ rẹ má baà sọ pé òkè òkun nìkan ni mo ń fi pàrọwà, ẹ wo Nàìjíríà tó wà lẹ́yìn ilé yín níbẹ̀. Gbogbo wa la gbọ́ “Èmi ló kàn” tí Tinubu sọ ní Abẹ́òkúta lóṣù kẹfà 2022. Kì í ṣe èdè ìdìbò abẹ́lé nìyẹn, èdè ìdílé ọba ni, ará Kétu ò nílò ògbufọ̀. Síbẹ̀ ó lọ sí àpéjọ ẹgbẹ́ APC ní Abuja, wọ́n ka ìbò, ó ní 1,271, Amaechi tó tẹ̀ lé e ní 316. Àlàfo yẹn pa ọ̀pọ̀ ẹnu mọ́. Ní ti PDP, Atiku ní 371, Wike ní 237, ìyẹn sì kọ̀ láti jókòó títí ìdìbò fi parí. Ó ṣe tán, ó rí i nígbà tí Tambuwal sọ̀ kalẹ̀ fún Atiku nígbà tí ìbò fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Owó fọ́ọ̀mù APC lọ́dún náà, mílíọ̀nù 100 náírà ni. Ìwọ tí o fẹ́ sin ìlú, mélòó lo ní?

Ó wá kan ilé. Lọ́dún kan báyìí, ẹgbẹ́ kan tí mi ò ní dárúkọ pè wá sí ìpàdé níbí ní Àjàṣẹ́, pé ká wá yan ẹni tó máa ṣíwájú orúkọ wa fún ìdìbò kọ́múùnù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀. Aago mẹ́sàn-án ni wọ́n pè é, ó lé ní méjìlá ká tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn ni mo jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn páálí kan tí wọ́n tò sí ara ògiri. Ọ̀kan ti ya létí, aṣọ funfun ń yọjú. Mo fi ìka fà á díẹ̀. Tíṣọ́ọ̀tù ni, àwòrán ẹnì kan wà láyà rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. Lásìkò tí mò ń wò ó yìí, ẹni tó ń darí ìpàdé ṣì wà níwájú tó ń ṣàlàyé bí a ṣe máa na ọwọ́. A na ọwọ́ o. Ẹni ayà aṣọ ló wọlé. Wọ́n fún kálukú ní búrẹ́dì ẹlẹ́yin àti 2,000 sẹ́fà owó ọkọ̀, mo sì gbà á, kí n má purọ́.

Ìdí nìyí tí mo fi ní o jàre lápá kan. Ohun tí ọkọ rẹ fẹ́ mú wá, ó lè dé kó di páálí tíṣọ́ọ̀tù. Lẹ́yìn ìpàdé àpérò ńlá tí orílẹ̀-èdè wa ṣe lọ́dún 1990, a ti ṣe é ní “ẹni tó bá ti wù kó jáde”: ní 2016, olùdíje 33 ló wà lórí ìwé ìbò wa, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló fa ara wọn kalẹ̀. Níbí ní Àjàṣẹ́, Adrien Houngbédji du ipò ààrẹ láti 1991 dé 2011, ìgbà márùn-ún, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè ní PRD, ẹgbẹ́ rẹ̀, pé ta ni ẹgbẹ́ máa fà kalẹ̀. Ẹgbẹ́ àti bàbá, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ní báyìí, ìjà abẹ́lé tiwa ti kó lọ sínú ìwé ìgbọ̀wọ́ tí wọ́n ń pè ní parrainage. Aṣòfin 109 àti mẹ́ẹ̀rì 77 ló lè fọwọ́ sí i, olùdíje sì gbọ́dọ̀ rí 28 nínú wọn. Ní ìparí oṣù kẹjọ 2025, àwọn ẹgbẹ́ méjì tó wà nídìí ìjọba kéde orúkọ Romuald Wadagni, tó jẹ́ mínísítà ètò ìnáwó nígbà yẹn. Rédíò ni èmi náà ti gbọ́ ọ. Lóṣù kẹwàá, ẹgbẹ́ alátakò Les Démocrates fa Renaud Agbodjo kalẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn. Aṣòfin 28 géérégé ni ẹgbẹ́ náà ní nígbà yẹn. Ọ̀kan nínú wọn ní òun ò gbọ̀wọ́ mọ́. Wọ́n ku 27, olùdíje wọn ò sì wọlé ìdíje. Wadagni àti Paul Hounkpè ti ẹgbẹ́ FCBE ló kù fún ìdìbò oṣù kẹrin 2026.

Ronú sí i, àbúrò mi. Ní Iowa ìgbà yẹn, ẹni tí inú rẹ̀ ò dùn sí olùdíje ẹgbẹ́ rẹ̀ á dúró sí igun gbọ̀ngàn níwájú aládùúgbò rẹ̀, wọ́n á ka orí rẹ̀ mọ́ orí àwọn tó kù. Níbí, ẹnì kan ṣoṣo tí inú rẹ̀ ò dùn tó láti ti ilẹ̀kùn. Èmi ò bá aṣòfin yẹn wí, òfin ló fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. Ìjà tí ẹgbẹ́ ò bá fàyè gbà nínú ilé ní oṣù kẹrin, oṣù kẹwàá ni wọ́n á jà á ní gbangba, nígbà tí kò sí àyè àtúnṣe mọ́.

Nítorí náà, mi ò ní ká kó Iowa wá sí Kétu. Ohun tí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ èyíkéyìí kéré gan-an: ìwé tí orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ wà, kí ó wà níbi tí ojú ọmọ ẹgbẹ́ tó o, ọjọ́ yíyàn tí wọ́n kéde ní oṣù mẹ́fà ṣáájú, kí wọ́n sì ka ìbò sókè ketekete, kí ẹni tó fìdí rẹmi gbọ́ iye tirẹ̀. Ẹgbẹ́ tí kò mọ iye ọmọ rẹ̀, ta ló fẹ́ dìbò abẹ́lé níbẹ̀? Ẹni tí wọ́n fi ọkọ̀ kó wá láàárọ̀ ọjọ́ náà ni.

Ọkọ rẹ ní ó wà nínú ẹgbẹ́ kan, o kọ ọ́ sínú lẹ́tà rẹ. Jọ̀wọ́, ní kó lọ bi àwọn àgbà ẹgbẹ́ ní Kétu níbẹ̀ léèrè pé ọwọ́ ta ni ìwé orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ wà. Bó bá rí i, kó ya fọ́tò ojú ìwé àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí mi. Láti ọjọ́ páálí yẹn ni èmi ti ń wá ti Àjàṣẹ́.